Jíìpù Ológun Abẹ́ Igi Máńgòrò: Ẹ Má Tíì Jí I

Tíṣà kan kọ̀wé sí mi láti Kétu, ti ilẹ̀ Bénin. Ó ní: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Jíìpù ológun kan wà lẹ́yìnkùlé bàbá bàbá mi, lábẹ́ igi máńgòrò. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti bá a níbẹ̀. Adìyẹ kan ń sàba lórí àga ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan, kò yí rárá. Mẹkáníìkì kan ní Ouando ní ká yọ ẹ́ńjìnnì yẹn dànù, ká fi ti Hiace oní-gásóìlì (dísù) sí i. Ẹni tó ń ra irin àlòkù ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kílò ló fẹ́ fi rà á, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti fẹ́ gbà fún un. Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe? Bó bá ṣeé ṣe, kí ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?”

Tíṣà, mo kí yín, mo kí gbogbo ilé. Mo wo fọ́tò méjèèjì tí ẹ fi ránṣẹ́ títí ojú fi ń ro mí. Ó ṣeé tún ṣe. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ni bírò àti ìwé, ẹ fi sípánà sílẹ̀ ná.

Ohun tí mo ti rí nínú iṣẹ́ yìí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni pé jíìpù àtijọ́ kì í kú sábẹ́ igi. Ọwọ́ àwa tí a fẹ́ jí i ló máa ń kú sí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì máa ń kú. Ẹnì kan á fi kámíọ̀ fà á kó lè jí. Ẹnì kan á fi iná gé bóòtì tó gan. Ọmọ iṣẹ́ á fi ẹ̀rọ ha nọ́ńbà ara rẹ̀ nù. Kí wọ́n tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti bà á jẹ́ tán. Èmi náà ti jẹ̀bi ẹ̀. Jíìpù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá fún mi, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fọ ìpáàrà ara ṣáásì rẹ̀ mọ́ kí n tó dé. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ lóòótọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí irin náà bá ìpáàrà lọ. Títí di òní, olówó ọkọ̀ yẹn kò rí ẹ̀rí mú wá pé ọkọ̀ ìgbà ogun ni, ẹni tó fẹ́ fi owó gidi rà á sì yí ẹ̀yìn padà. Ojú ṣì ń tì mí bí mo bá pàdé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Mo ka ihò gbọọrọ tó wà níwájú rédíétọ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò: mẹ́sàn-án ni. Ó dùn mọ́ mi nínú. Jíìpù tí wọ́n ṣe fún aráàlú lẹ́yìn ogun, èyí tí wọ́n ń pè ní CJ, méje ló máa ń ní. Ti ológun ni mẹ́sàn-án. Ó wá lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta: Willys MB, Ford GPW tàbí Hotchkiss M201.

Ní 1940, nígbà tí ogun ti ń jó ní Yúróòpù, àwọn ológun Amẹ́ríkà wá ọkọ̀ kékeré tó lè gun òkè, tó lè wọ ẹrẹ̀, tí ọkùnrin mélòó kan sì lè gbé kúrò nínú kòtò. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Bantam ló kọ́kọ́ gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ẹ́ńjìnnì Willys ló wá lágbára jù, òun sì ni wọ́n mú. Nígbà tí apá Willys nìkan kò ká a, wọ́n ní kí Ford máa ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Láti 1941 sí 1945, àwọn méjèèjì ṣe ju 600,000 lọ. Lẹ́yìn ogun, Faransé tún èyí tó kù sọ́wọ́ wọn ṣe, Hotchkiss sì gba àṣẹ láti máa ṣe irú rẹ̀ ní Faransé fún àwọn ológun wọn títí di 1966. Abẹ́ Faransé ni Dahomey, ìyẹn Bénin òní, wà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1960, ìyẹn ni mo ṣe fura sí Hotchkiss. Àmọ́ ìfura kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ wo irin tó dábùú láàárín apá ṣáásì méjèèjì lábẹ́ rédíétọ̀. Bó bá rí roboto bíi páìpù omi, Willys nìyẹn. Bó bá ní igun, bí àpótí gígùn tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, Ford ni. Ford tún fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀ púpọ̀: ó tẹ lẹ́tà F sórí bóòtì, sára ìkọ́, sára gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn. Nọ́ńbà ti Ford wà lójú irin ṣáásì apá òsì, níwájú. Ti Willys wà lára pátákó irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú ṣáásì apá òsì yẹn kan náà. Hotchkiss ní tirẹ̀ ní pátákó tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, ó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ wá nọ́ńbà, kẹrosíìnì, àkísà àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni kí ẹ lò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ ìharin débẹ̀.

Bí ẹ bá rí bóòtì oní-F lára ṣáásì Willys, ẹ má rò pé wọ́n rẹ́ bàbá àgbà jẹ. Ilé iṣẹ́ àtúnṣe àwọn ológun Faransé ní La Maltournée, nítòsí Paris, máa ń tú jíìpù palẹ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n á wá to èyí tó dára pọ̀ láìwo ọmọ ẹni tó jẹ́. Àdàlù yẹn wà nínú ìtàn ọkọ̀ náà, ẹ má “tún un ṣe” kúrò. Ọ̀dà ara rẹ̀ náà ní ohun tó ń sọ. Ẹ fi omi àti ìwé oníyanrìn wẹ́wẹ́ ra ibì kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń gbà wọ inú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bó àlùbọ́sà. Bí orúkọ Dahomey bá yọ, ẹ mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́ kí orílẹ̀-èdè yìí tó di Bénin ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1975. Omi ni mo wí o, kò gbọdọ̀ jẹ́ gbígbẹ, kí ẹ sì fi nǹkan bo imú, torí òjé pọ̀ nínú ọ̀dà àtijọ́, àwọn ọmọdé ilé kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí.

Ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ná owó tán kí wọ́n tó béèrè èyí. Ẹ tú àpótí bàbá àgbà. Bí wọ́n bá rà á lọ́jà gbàǹjo ìjọba, rìsíìtì kan á wà níbì kan, ó lè wà láàárín ìwé ìrìbọmi tàbí nínú Kùránì. Ẹ mú nọ́ńbà ṣáásì àti ìwé tí ẹ bá rí lọ sí ANaTT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó fún un ní káàtì gíríìsì, ìyẹn ìwé ọkọ̀. Ẹ bi Police Républicaine náà léèrè nípa ọkọ̀ ológun àti àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ra ọ̀dà. Bí ẹ bá sì bá ọta tàbí irin kan tó jọ bọ́ǹbù lábẹ́ àga, ẹ má gbé e, ẹ má gbọ̀n ọ́n, àwọn náà ni kí ẹ pè.

Ní ti àwọn ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má bá wọn jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ náwó lé e, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Mo ti rí i tí ẹbí tú ká nítorí ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò fún ogójì ọdún, ọjọ́ tó tún dún ni gbogbo wọn rántí pé ọmọ bàbá làwọn. Ẹni tó fẹ́ fi kílò rà á, ẹ sọ fún un pé ìlú tó ṣì ní Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ yẹn, kì í ta ìtàn lórí òṣùwọ̀n.

Ó yá, ẹ wá súnmọ́ ọkọ̀ náà. Ẹ kọ́ àtíbàbà lé e lórí ná, kí òjò yé rọ̀ sí i. Ẹ fi igi gígùn yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ejò fẹ́ràn ibi tó ṣókùnkùn. Ẹ gbá ewé máńgòrò tó kún ilẹ̀ rẹ̀ kúrò, torí ewé tó rà ló ń mú omi dúró lára irin.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù lára jíìpù wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ wọn, mo sì máa rojọ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀tì márùn-ún tó wà láàárín ló di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí rímù yín bá jẹ́ ti ológun gidi, ẹ máa rí nọ́ọ̀tì mẹ́jọ mìíràn tó yí i ká. Rímù náà pín sí méjì, mẹ́jọ yìí ló so ìdajì mọ́ ìdajì. Ẹni tí kò mọ̀ á rí nọ́ọ̀tì, á fi sípánà sí i. Bí atẹ́gùn bá ṣì wà nínú táyà, bó ti wù kó kéré, ìdajì rímù yẹn á fò bí òkúta kànnàkànnà. Ní gàráàsì tí mo ti kọ́ṣẹ́, ẹlẹgbẹ́ mi kan tú mẹ́jọ nígbà tí wọ́n ní kó tú márùn-ún. Rímù lu páànù òrùlé já, a sì rí ojú ọ̀run láti inú gàráàsì. Orí ló yọ ọ́, ìdí pé ó yà láti mú àkísà ni kò fi bá a lójú. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yọ ọmọ inú fáàfù táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wáyà tín-ín-rín tọ́ ihò rẹ̀ wò, torí agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé lè ti dí i, kí atẹ́gùn wà lẹ́yìn amọ̀. Táyà tó rọ̀ lójú yín kò túmọ̀ sí pé ó ṣófo.

Òmíràn tún wà tó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ alágbára ṣẹ́ bóòtì. Lára jíìpù ìgbà ogun, nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ apá òsì, òdìkejì ni wọ́n ń tú. Ọ̀nà tí ẹ fi ń dè é lápá ọ̀tún lẹ máa fi tú u lápá òsì. Ẹ wo ojú bóòtì, bí ẹ bá rí L, ẹ ti gbọ́.

Ẹ má fi okùn fà á lọ síbì kankan. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju tóònù kan lọ púpọ̀, ọkùnrin mẹ́jọ pẹ̀lú jáákì àti pákó á gbé e sórí kámíọ̀ bó bá di dandan. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ fẹ́ gbé e gba Pobè àti Sakété wá sí Àjàṣẹ́? Atẹ́gùn ọ̀sà wa níbí, ojoojúmọ́ ló ń jẹ irin. Ẹ̀yìnkùlé yín ní Kétu dára jù fún iṣẹ́ oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

Ẹ́ńjìnnì ni ẹ ti ń retí láti àárọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó rọrùn ju bí mẹkáníìkì Ouando yẹn ṣe sọ ọ́ lọ. Bóyá Willys ni o, Ford ni o, Hotchkiss ni o, ẹ́ńjìnnì kan náà ni: sìlíńdà mẹ́rin, lítà 2.2, agbára ẹṣin bí 60. Àwọn fáàfù rẹ̀ kò sí lórí bíi ti ọkọ̀ òde òní, ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà ni wọ́n wà tí wọ́n dojú sókè. Kúláàsì rẹ̀, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnnì, kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú. Irin dídà pẹlẹbẹ kan ni. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ti rí orí písítìnì, ẹ ti rí fáàfù, kò sí àṣírí kankan mọ́.

Ẹ yọ bùjí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní púlọ́ọ̀gì. Ẹ po asetóònì àti epo gíá ọ̀tọ̀mátíìkì pọ̀, ìdajì sí ìdajì, kí ẹ da ife kékeré kan sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Asetóònì ń gbaná kíákíá bí ẹ́sáńsì (pẹ́tírò), nítorí náà kò sí sìgá, kò sí àtùpà nítòsí. Bó bá ti ń fà, ẹ máa fi kún un ní ọjọ́ kẹta kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ má yí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wá irin ìyí-ẹ́ńjìnnì tí àwọn àgbà ń pè ní mánífẹ́ẹ̀lì, ihò rẹ̀ wà níwájú. Kí gíá wà ní òfo. Ẹ gbìyànjú láti yí i síwájú díẹ̀, kí ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá kò ju ìwọ̀n èékánná lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá gbà lọ síwájú, ẹ dá a padà kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́ síwájú. Kí ọkùnrin kan ṣoṣo ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá pe èkejì wá láti ràn án lọ́wọ́, ẹ ti fẹ́ ṣẹ́ nǹkan. Ìdí tí mo fi ń bá àwọn tó ń fi kámíọ̀ fà á jà náà nìyẹn: kámíọ̀ kò mọ̀ pé písítìnì ti lẹ̀ mọ́ ògiri, á fà á, ọ̀pá tó gbé písítìnì á tẹ̀, òrùka rẹ̀ á ṣẹ́, ẹ́ńjìnnì tó kù díẹ̀ kó jí á wá di irin tí wọ́n ń tà ní kílò lóòótọ́.

Bí kò bá gbà rárá, ẹ ṣí kúláàsì. Ẹ fi epo rẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́jú, ẹ tú wọn láti ìta wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀. Bó bá lẹ̀, ẹ má ki ṣísẹ́lì bọ àárín rẹ̀. Pákó àti òòlù onígi ni kí ẹ fi gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká títí yóò fi dá ohùn. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, páànù kan wà tó bo ìdí àwọn fáàfù. Ẹ yọ ọ́. Nígbà púpọ̀, fáàfù kan tàbí méjì tó ti lẹ̀ sókè lẹ máa bá níbẹ̀, tí ẹ ti ń fi ẹ̀sùn kan písítìnì.

Ó yí? Ẹ kú oríire, àmọ́ ẹ má tíì fún un ní iná. Ẹ sọ páànù epo ìsàlẹ̀ kalẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tí ẹ máa bá níbẹ̀ yóò yà yín lẹ́nu. Ẹnu tí ẹ́ńjìnnì yìí fi ń mu epo léfòó lójú epo bí igbá lójú odò, bí ẹrẹ̀ bá dí i, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni ẹ́ńjìnnì tó jí náà yóò lò láyé. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀, ẹ rọ epo tuntun, kí ẹ fi ọwọ́ yí i láìsí bùjí títí epo yóò fi dé òkè. Nígbà tí ẹ bá ń to wáyà iná bùjí, 1-3-4-2 ni wọ́n ń tẹ̀ léra.

Ọ̀gá mi kì í ṣí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé ó ya obì fún Ògún. Èmi kì í ya obì, àmọ́ mo máa ń fọ ọwọ́ mi mọ́ kí n tó ṣí i, mo sì máa ń lé àwọn tó ń pariwo kúrò nítòsí. Mi ò mọ̀ bóyá ohun kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ Hiace wá kàn. Mi ò bú mẹkáníìkì yẹn, ohun tó mọ̀ ló sọ, ọkọ̀ náà á sì rìn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ́ńjìnnì yẹn tó wọ̀ ọ́, wọ́n á gé ibi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé lórí ṣáásì, wọ́n á gé ògiri iwájú. Gíá jíìpù yìí kéré, iwájú mẹ́ta péré ló ní, wọ́n ṣe é fún ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 60. Gásóìlì tó wúwo á máa já a jẹ bí eku ṣe ń jẹ iṣu. Bíréèkì rẹ̀ náà kò ṣe fún irú eré bẹ́ẹ̀. Bí irin ẹ́ńjìnnì yín bá là tí kò ṣeé rán, ẹ wá irú rẹ̀ mìíràn. Wọ́n ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ ní Íńdíà lábẹ́ orúkọ Mahindra, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Philippines sì ń ṣe ara jíìpù ogun lákọ̀tun títí di ìsinsìnyí. Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n tó bí ẹ ṣe rò, owó ọkọ̀ òkun àti ti aṣọ́bodè ló ń pa ni. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rà jọ, kí ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti ara rẹ̀, ẹ wọ abẹ́ lọ. Àwọn irin gígùn tó gbé ilẹ̀ ọkọ̀ ró ní pákó nínú, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi sí i. Pákó yẹn ń mu omi bíi kànìnkànìn, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Ìkejì ni ihò jíjìn tí táǹkì ẹ́sáńsì jókòó sí lábẹ́ àga awakọ̀. Ìkẹta, àpótí irinṣẹ́ ẹ̀yìn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti lu, ẹ má sọkún, gbogbo wọn ló máa ń lu. Ṣáásì ló ṣe pàtàkì. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú sí àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ bí 203 sẹ̀ǹtímítà, kó sì dọ́gba lápá òsì àti ọ̀tún. Ẹ tún fi okùn wọ̀n ọ́n ní ìdábùú, láti igun dé igun. Bí ìdábùú méjèèjì kò bá dọ́gba, ó ti forí sọ nǹkan rí, ẹ wá bá mi kí ẹ tó náwó sí ibòmíràn.

Tólíè, ìyẹn ẹni tó ń tún páànù ọkọ̀ ṣe, tó bá fẹ́ fi páànù òrùlé dí ihò rẹ̀, ẹ lé e. Ìda funfun ara páànù yẹn, bí iná ajórin bá kàn án, èéfín rẹ̀ ń dá ibà sí ajórin lára ní alẹ́ ọjọ́ náà, ojú ibẹ̀ kì í sì mú dáadáa. Ẹ fi ìwọ̀n wọn páànù ara jíìpù níbi tó ṣì le, kí ẹ ra páànù dúdú tó nípọn tó o. Màsítíìkì pẹ̀lú, ìpara tó ń mú ojú páànù jọ̀lọ̀, díẹ̀ lára ojú kò burú. Èyí tí wọ́n bá fi dí ihò, ẹ̀tàn ni.

Àwọn ohun kéékèèké tó dógùn-ún, ìkọ́, ìdè, àwọn bóòtì ogun, ẹ má ha wọ́n. Ẹ wá ike ńlá, ẹ bu omi, ẹ da kán-ún sí i, kán-ún tí a fi ń se ẹ̀wà, ó ń ṣiṣẹ́ bíi sóódà ìfọṣọ. Ẹ so irin tó dógùn-ún mọ́ ẹnu òdì bátìrì ṣájà, ẹ so irin àlòkù lásán mọ́ ẹnu rere, kí wọ́n má kan ara wọn. Títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìpáàrà á ti di ẹrẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde níbẹ̀ ń gbaná. Ẹ má fi irin tí kì í dógùn-ún, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí tó ń dán, ṣe irin àlòkù yẹn: omi rẹ̀ á di májèlé.

Iná kò gba àlàyé púpọ̀. Jíìpù ogun Amẹ́ríkà ń lo 6 folti, Hotchkiss M201 mìíràn ń lo 24. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára dínámò àti sítátà kí ẹnikẹ́ni tó gbé bátìrì wá. Ẹni tó bá gbé 24 lé 6 á rí iná kan ṣoṣo, kò ní rí èkejì mọ́.

Bíréèkì gbọ́dọ̀ ṣáájú ìrìn. Mo mọ̀ pé inú yín á máa dùn, ẹ́ńjìnnì ti ń dún, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pariwo, ẹ̀gbọ́n á ní kí ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà lásán. Ẹ kọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi bíréèkì rẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí páìpù kan bá jò, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn, bíréèkì ọwọ́ tó wà lẹ́yìn gíá ló kù. Ẹ pààrọ̀ gbogbo páìpù àti rọ́bà rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ dára lójú. Eruku inú ìlù bíréèkì, ẹ má fi atẹ́gùn fọ́n ọn, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ. Asbestos ló wà nínú ti àtijọ́, ẹ̀dọ̀fóró kì í gbàgbé rẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́, kí ẹ nù ún.

Táǹkì ẹ́sáńsì tó lu, ẹ má jẹ́ kí ajórin fọwọ́ kàn án. Èéfín ẹ́sáńsì ogójì ọdún ṣì lè gbaná. Fún ìdánwò, ike lítà márùn-ún tí ẹ gbé kọ́ sókè tó. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣàṣàyàn epo, kpayo, ẹ́sáńsì ẹ̀bá ọ̀nà, á gbé e rìn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí kpayo náà tòrò nínú ìgò funfun mọ́jú kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdọ̀tí àti omi tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kabúrétọ̀ ìbá mu. Fún gíá, ẹ béèrè epo gíá tí wọ́n kọ GL-4 sí lára. GL-5 tí wọ́n ń tà káàkiri lè jẹ idẹ inú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ẹ ya fọ́tò irin ìdábùú iwájú yẹn, ojú ṣáásì apá òsì àti dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ yọ bùjí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ da epo náà sí i jẹ́ẹ́jẹ́. Adìyẹ tó ń sàba lórí àga ẹ̀yìn, ẹ má lé e. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni adìyẹ fi ń pa ọmọ, ìgbà tí òun bá máa kó ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, sìlíńdà náà á ti mu epo tó.